Ọ̀pọ̀tọ́ Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì Ni Igi Ayálégbé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Bí ẹ bá ń gbé ilé àyágbé ní Ọjọ́, ní Ìbà tàbí ní Òkókómáíkò, tí gbogbo àgbàlá yín sì jẹ́ kìkì sìmẹ́ǹtì, igi eléso tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbìn ni ọ̀pọ̀tọ́, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì sì ni kí ẹ gbìn ín sí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀tọ́ inú Bíbélì? Ní Òkókómáíkò? Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ gbọ́ mi tán ná.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Ìbà, bàbá mi gbin àgbálùmọ̀ sí ẹ̀yìn ilé tí a yá. Kóró ló fi gbìn ín. Àgbálùmọ̀ tí èèyàn bá fi kóró gbìn kì í kánjú, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ga kó tó so. Ọdún tó yẹ kó so gan-an ni onílé ní òun fẹ́ fi ọmọ òun sí yàrá wa. A kó jáde. Nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, igi náà ti so wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì, àwọn tí kò mọ ẹni tó gbìn ín ló ń ká a. Bàbá mi ò bínú. Ó kàn ní, "Kò burú, ẹnì kan ṣáà ń jẹ ẹ́." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò gbin nǹkan kan sórí ilẹ̀ onílé mọ́.

Ọ̀pọ̀ wa ládùúgbò yìí ló dà bíi bàbá mi. A ò gbin igi, torí pé ilẹ̀ kì í ṣe tiwa, àti pé a ò mọ ibi tí a máa wà lọ́dún márùn-ún sí i. Onílé náà ò gbin igi, torí ó ń bẹ̀rù kí gbòǹgbò má lọ la ògiri tàbí kòtò omi ìdọ̀tí. Bí a ṣe ń da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ilẹ̀ nìyẹn, tí oòrùn ọ̀sán wá ń jó wa bíi pé inú àgbádá la wà. Igi tó lè bá ayálégbé kó lọ ni mo ń wá. Ọ̀pọ̀tọ́ ni mo rí.

Ọ̀pọ̀tọ́ wo là ń sọ?

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá láyé ọjọ́un, wọ́n bá igi kan pàdé nínú ìwé náà tí kì í hù nílẹ̀ wa. Wọ́n wo inú igbó wa, wọ́n rí ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe àjèjì yẹn. Ìmọ̀ nípa ewéko fi hàn pé wọn ò ṣìnà. Ọ̀pọ̀tọ́ tó ń hù lẹ́bàá odò wa ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Ficus sur, àwọn ìwé àtijọ́ sì ń pè é ní Ficus capensis. Tinú Bíbélì ni Ficus carica. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Òun náà ni tíínì tí wọ́n fi sọ Súrà 95 nínú Àlùkùránì lórúkọ, tí àwọn ọmọ ilé kéú mọ̀ dáadáa.

Ìdílé yìí pọ̀ nílé wa ju bí a ṣe rò lọ. Ọ̀dán tó máa ń ṣe ìbòòji lọ́jà àti láàfin, Ficus thonningii ni. Ìpín tí àwọn ìyá wa ń fi ewé rẹ̀ tó le gbagidi fọ ìkòkò, Ficus exasperata ni. Bí ẹ bá tún fẹ̀ ẹ́ sí i, ẹ máa bá ìrókò àti afọ̀n nínú agbo ilé kan náà, agbo ilé tí wọ́n ń pè ní Moraceae. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀pọ̀tọ́ jẹ́ igi òyìnbó tí kò lè mọ́ wa lára, ẹ sọ fún un pé ẹbí ìrókò ni.

Kí ló dé tí a ò kàn lè ra èso rẹ̀ lọ́jà? Gbígbẹ rẹ̀ wà lọ́jà, pàápàá lásìkò ààwẹ̀, nígbà tí wọ́n máa ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dàbínù. Púpọ̀ rẹ̀ ló ń wá láti Tọ́kì, tó ń kórè ọ̀pọ̀tọ́ ju gbogbo orílẹ̀-èdè lọ. Ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ nira láti rí. Ọ̀pọ̀tọ́ kì í pọ́n lẹ́yìn tí a bá ti ká a, kò dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a lè ká ní dúdú kí a sì bò ó mọ́lẹ̀. Orí igi ló gbọ́dọ̀ pọ́n sí. Bó bá sì ti pọ́n, awọ rẹ̀ á rọ̀ débi pé ọjọ́ díẹ̀ ló kù kó bàjẹ́. Èso tí kò lè rin ìrìn àjò nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ tútù rẹ̀ ní Èkó, àfi kó gbìn ín.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà

Èmi tí mo ń kàwé sáyẹ́ǹsì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe àṣìṣe. Àkọ́kọ́, mo lọ bá ẹnì kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, mo ní ọ̀pọ̀tọ́ ni mo ń wá. Ó gbé igi kan jáde, ewé rẹ̀ kéékèèké, ó ń dán. Ó ní, "Fíkọ́ọ̀sì ni, ọmọ ìyá tinú Bíbélì ni." Kò parọ́ o! Ficus ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ficus benjamina ni, èyí tí wọ́n ń gbìn síwájú òtẹ́ẹ̀lì láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Èso rẹ̀ kò tó nǹkan, èèyàn kì í sì í jẹ ẹ́. Kí irú èyí má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ wo ewé kí ẹ tó sanwó. Ewé Ficus carica tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, ó sábà máa ń ní ìka mẹ́ta tàbí márùn-ún, bí ẹ bá sì fọwọ́ pa á, ẹ máa rántí ìpín.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fọ́ ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ, mo gbin kóró inú rẹ̀. Mélòó kan hù, inú mi dùn. Ìgbà tí mo kàwé síwájú sí i ni mo tó mọ̀ pé mò ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibí yìí gan-an ni sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ti dùn jù.

Ohun tí à ń pè ní èso ọ̀pọ̀tọ́, àpò òdòdó ni. Bí ẹ bá là á sí méjì, gbogbo fọ́nrán tíntìntín inú rẹ̀, òdòdó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi rí òdòdó ọ̀pọ̀tọ́ níta rí. Kí lẹ́búlẹ́bú akọ òdòdó tó lè dé inú àpò náà, agbọ́n tíńtín kan ló gbọ́dọ̀ gba ihò kékeré tó wà nídìí èso wọlé. (Agbọ́n ni mo wí o, kì í ṣe àgbọn Badagry.) Tí Ficus carica ń jẹ́ Blastophaga psenes, agbègbè Òkun Mẹditaréníà sì ni ilé rẹ̀. Àwọn ọ̀pọ̀tọ́ igbó wa ní agbọ́n tiwọn, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń fà á tí ẹ fi máa ń bá kòkòrò nínú wọn. Agbọ́n Ficus carica kò sí lọ́dọ̀ wa.

Nítorí náà, irú ọ̀pọ̀tọ́ tó nílò agbọ́n kò lè so èso jíjẹ ní Ọjọ́ láéláé. Àwọn àgbẹ̀ California kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ìyà. Ní àwọn ọdún 1880, wọ́n kó irú ọ̀pọ̀tọ́ ìlú Smyrna, tó ń jẹ́ Izmir báyìí ní Tọ́kì, wọ́n gbìn ín. Èso ń yọ, ó sì ń rẹ̀ dànù kó tó pọ́n. Ọdún 1899 ni agbọ́n tí wọ́n kó wá láti Algeria tó fìdí múlẹ̀ ní Fresno, ìgbà náà ni èso tó dúró.

Ẹ fọkàn balẹ̀, irú mìíràn wà tí kò nílò agbọ́n rárá. Yóò so, yóò sì pọ́n láìsí lẹ́búlẹ́bú akọ kankan. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ lójoojúmọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ṣe ní kóró, tó jẹ́ ọmọ ìdí rẹ̀ là ń hú gbìn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀tọ́ yìí ṣe jẹ́ pé ẹ̀ka rẹ̀ là ń gé gbìn, bí ẹni gbin igi pákí. Àwa ọmọ èèyàn sì ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kéde pé wọ́n rí ọ̀pọ̀tọ́ mẹ́sàn-án tó ti di èédú nínú ahoro ìletò kan tó ń jẹ́ Gilgal, ní àfonífojì Jọ́dánì. Ọjọ́ orí wọn lé ní 11,000 ọdún, irú tí kò nílò agbọ́n ni wọ́n sì pè é. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àfàìmọ̀ kí èèyàn máà ti máa gé ẹ̀ka ọ̀pọ̀tọ́ gbìn kó tó máa gbin àlìkámà.

Kóró ńkọ́? Ọ̀pọ̀tọ́ dà bí ìbẹ́pẹ, ó ní akọ, ó ní abo. Kóró tó bá hù, bíi ìdajì ló máa jẹ́ akọ, tí èso rẹ̀ kò dára fún jíjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú ìdajì tó kù á sì máa dúró de agbọ́n tí kò ní dé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta kóró ọ̀pọ̀tọ́ fún yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ̀ka ni kí ẹ wá, láti ara igi tó ti so lójú ẹni tó ni ín. Brown Turkey, Celeste àti Black Mission wà lára irú tí kò nílò agbọ́n. Celeste ni èmi fẹ́ràn jù fún ibí, torí ihò ìdí rẹ̀ há, òjò àti kòkòrò kì í tètè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ má sì fi ẹ̀ka pamọ́ sínú báàgì láti òkè òkun wá. Àìsàn ewéko lè bá a wọlé, torí ẹ̀ ni ìjọba ṣe ní àjọ tó ń yẹ ewéko wò ní bodè.

Kí ló dé tó jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì?

Àwọn ọ̀rẹ́ mi rò pé torí àìnílẹ̀ nìkan ni. Rárá. Ká ní mo nílẹ̀ ní Òkókómáíkò, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni ǹ bá ṣì gbìn ín sí. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkun bíi tiwa, iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni aràn tíńtín kan tí ojú lásán kò lè rí, tó ń jẹ́ nematode, ti ń gbádùn ara rẹ̀. Gbòǹgbò ọ̀pọ̀tọ́ ni oúnjẹ rẹ̀, á jẹ ẹ́ títí á fi wú kókókókó, igi á wá máa rù láìsí ìdí tí èèyàn rí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní erùpẹ̀ mímọ́, tí kò sì jókòó sórí ilẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ó bọ́ lọ́wọ́ àgbàrá òjò pẹ̀lú, ẹ sì mọ bí àgbàrá ṣe ń ṣe wá níbí. Gbòǹgbò tí kò ráyè lọ kò lè la ògiri onílé. Igi tí a bá sì há gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ níwọ̀nba kì í ga jù, ó sì máa ń tètè ronú èso. Ẹ̀ka tí a gé gbìn lè bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún kan sí méjì. Ẹ fi wé àgbálùmọ̀ bàbá mi.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. Ẹ̀ka tó nípọn bí ìka, tó gùn bí pẹ́ńsùlù, ni mo gé. Mo ri ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ mọ́ inú erùpẹ̀ tútù, mo gbé e síbi ìbòòji títí ó fi yọ ewé dáadáa. Lẹ́yìn náà, mo gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà oní-lítà 20, èyí tí mo ti fi irin gbígbóná lu ihò mẹ́jọ sí nídìí. Erùpẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀dú, èèpo ẹ̀yìn àgbọn tí mo gé wẹ́wẹ́, àti ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ tó ti jẹrà tipẹ́. Mo ní díẹ̀ o! Ìgbẹ́ adìyẹ tó bá pọ̀ jù, ewé ló máa fún yín. Bí igi yín bá kún fún ewé láìsí èso kan, ẹ má tíì gégùn-ún fún un. Ẹ kọ́kọ́ dín ajílẹ̀ kù, kí ẹ sì wò ó bóyá oòrùn ń dé ibẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán.

Ẹ má gbé abọ́ sábẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kí omi dúró sínú rẹ̀, ẹ̀fọn lẹ máa fi sìn. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ojoojúmọ́ ni mo ń bomi rin ín. Bó bá sì di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gé ẹ̀ka, ẹ ṣọ́ra fún oje funfun rẹ̀. Bó bá kan awọ ara, tí oòrùn sì pa á, ó lè jó èèyàn bíi omi gbígbóná. Ẹ fọwọ́ yín kíákíá.

Òjò ni ọ̀tá, kàlẹ́ńdà ni oògùn

Ibí ni mo ti ní ọ̀rọ̀ sọ ju ibi gbogbo lọ. Ìmọ̀ràn tí ẹ máa rí nípa ọ̀pọ̀tọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá yìnyín jà ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Wọ́n á ní kí ẹ fi aṣọ wé e nígbà òtútù, kí ẹ gbé e wọlé. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Òjò ni ìṣòro tiwa. Bí èso bá ń pọ́n lọ́wọ́ tí òjò ń rọ̀, omi á kún inú rẹ̀, á là, á sì kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rinrin ń mú àrùn kan wá láti ìdílé olú, tó ń mú kí abẹ́ ewé ní àbàwọ́n bíi irin tó dógùn-ún, ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí tèmi so, mẹ́fà ló yọ, Oṣù Kẹfà sì ni wọ́n pọ́n. Gbogbo wọn ló kan. Mi ò jẹ ẹyọ kan.

Mo wá rò ó báyìí: ara ẹ̀ka tuntun ni ọ̀pọ̀tọ́ ti ń so ojúlówó èso rẹ̀, nídìí ewé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo bá gé e ni ẹ̀ka tuntun máa yọ. Nítorí náà, ọwọ́ mi ni ìgbà èso wà. Ní ìparí Oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò ṣe ìsinmi díẹ̀, mo gé igi náà kù sí ẹ̀ka mẹ́rin kúkúrú. Gbogbo ewé tó ní àbàwọ́n, mo kó wọn jù nù. Ó rú ewé tuntun nínú Oṣù Kẹsàn-án. Nínú Oṣù Kẹwàá, èso ti yọ bí ẹ̀wà. Láti inú Oṣù Kìíní sí Oṣù Kejì, nínú ọyẹ́ àti oòrùn, mo ká mọ́kànlá. Àpò àwọ̀n tí mo rán láti ara àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti ya ni mo fi bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, torí ẹyẹ àti àdán mọ adùn ọ̀pọ̀tọ́ ju èmi lọ. Ìgbà tí ọrùn èso bá tẹ̀, tí ara rẹ̀ sì rọ̀, tí kò yọ oje funfun mọ́, ó ti pọ́n nìyẹn.

Mo mú mẹ́ta lọ fún bàbá mi. Ó jẹ ọ̀kan, ó wò mí, ó ní, "Èyí tiẹ̀ dùn ju gbígbẹ ẹ̀ lọ fíìfíì." Ó wá bi mí pé ṣé mo ṣì ní ẹ̀ka.

Àwọn kan á sọ pé

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa sọ fún mi pé èso mọ́kànlá kì í ṣe oúnjẹ, pé kí n fi bọ́kẹ́ẹ̀tì mi gbin ẹ̀fọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Bó bá jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lẹ ní, tí owó ọbẹ̀ sì ń yọ yín lẹ́nu, tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú ni kí ẹ gbìn, kí ẹ má dá mi lóhùn. Ọ̀pọ̀tọ́ kò ní bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kì í bá èèyàn dàgbà. Ayálégbé náà lẹ́tọ̀ọ́ sí igi tí ọmọ rẹ̀ máa mọ̀, tó máa ga lọ́dọọdún, tó máa so fún ẹni tó gbìn ín. Èmi ò gbà pé onílé nìkan ni Ọlọ́run dá igi fún.

Ẹlòmíràn ní kí ló dé tí n kò gbin ọ̀pọ̀tọ́ igbó wa dípò àjèjì. Ọ̀pọ̀tọ́ igbó wa, igi ńlá ni, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè gbà á. Kí a fi í sílẹ̀ lẹ́bàá odò níbi tí ẹyẹ, àdán àti agbọ́n rẹ̀ ti nílò rẹ̀, kí a má sì máa gé e. Ìyẹn ni mo fẹ́ fún òun.

Owó ilé mi máa tó pé báyìí, onílé sì ti ní òun fẹ́ fowó kún un. Bóyá màá dúró, bóyá màá kó lọ sí ẹ̀yìn Ìyànà-Ìbà níbi tó dínwó díẹ̀, mi ò tíì mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà máa bá mi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo ti gé ẹ̀ka méjì fún bàbá mi, wọ́n ti ń yọ ewé. Sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló gbìn wọ́n sí.